Ilẹ̀pa Ọkọ̀ Mẹ́fà

Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ yanrìn. Ilé tí wọ́n bá fi yanrìn kún ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní Oregbeni, àdúgbò wa nílẹ̀ Ẹ̀dó yìí, òjò kan péré, ògiri á ti sán. Nígbà tí ọkọ mi, Jayéọlá, lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìlárá, mo ní kí n fi ilẹ̀pa kún ìpìlẹ̀ ilé tá à ń kọ́ kó tó dé, kí n fi yà á lẹ́nu. Mo pe Sùlè onítípà.

"Ilẹ̀pa gidi ni mo fẹ́ o. Tó o bá kó yanrìn wá, wàá kó o padà!"

"Madam, no worry. I sabi where strong one dey."

Ọkọ̀ mẹ́fà ló dà síbẹ̀. Ilẹ̀ náà pọ́n bí epo. Inú mi dùn, mi ò tiẹ̀ bi í léèrè ibi tó ti wà á.

Iṣẹ́ ọkọ mi ni kó máa ṣọ́ Iya, yàrà àtijọ́ àwọn Ẹ̀dó, òun àti ògiri ilẹ̀ gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ìjọba fòfin dáàbò bò. Lọ́dún 1983, àwọn kan wa ilẹ̀ níbẹ̀. Ọ́fíìsì kọ̀wé sí i pé bó bá tún ṣẹlẹ̀ tí kò mú ẹni tó ṣe é, kó máa lọ sílé.

Ọjọ́ tó dé, yàrà ló kọ́kọ́ lọ wò. Nígbà tó fi máa bá mi níbi ilé, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Wọ́n ti wa ògiri náà lọ! Ihò tó tó yàrá méjì!"

"Kò ní dáa fún wọn!" Mo ṣépè náà dé orí ọmọ wọn. Èmi kì í ṣépè ní ìdajì.

Ó bẹ̀rẹ̀ sórí ilẹ̀pa mi, ó fa òkúta sìmẹ́ńtì kan yọ. Òkúta ààlà yàrà ni, nọ́ńbà wà lára rẹ̀ ní ọ̀dà funfun. Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ kọ ọ́.

Mo jókòó sórí ilẹ̀.

"Bàbá Fọláyẹmí, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀! Ẹ jẹ́ ká kó o padà kí wọ́n tó rí i."

"Ta ló máa tún ògiri náà mọ? Àwọn tó mọ ọ́n ti kú."

Ó yọ bírò àti fọ́ọ̀mù iṣẹ́ rẹ̀, èyí tó fi ń kọ orúkọ àwọn tó bá wa ilẹ̀ yàrà.

"Orúkọ?"

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Kò wo ojú mi.

"Orúkọ rẹ, ní kíkún."

Tẹkúntẹkún ni mo fi dárúkọ. Ó kọ ọ́. Ó wá kọ orúkọ ti ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ onílé tí wọ́n kó ilẹ̀ náà sí.