Tẹlifíṣọ̀n Eku Àdìó

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, kí orúnkún kan orúnkún. Ìwọ tó ń fọ́ ẹ̀pà lẹ́yìn yẹn, dáwọ́ dúró ná, tàbí kí o pín in kárí kí gbogbo wa jọ máa fọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó lọ báyìí. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní padà sẹ́yìn nítorí ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin kan wà ní Àgbowó lọ́dún 1985, Àdìó lorúkọ rẹ̀. Ó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Yàrá kan ló gbà nílé Àlàájà Ràfátù, òkú tẹlifíṣọ̀n sì kún yàrá náà débi pé kí Àdìó tó lè na ẹsẹ̀ sùn, ó ní láti kọ́kọ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mẹ́ta nínú wọn.

Kò níyàwó. Ohun tó ní ni eku.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe eku tó ń jẹ ọṣẹ àti ìwé ọmọléèwé o. Eku tó ń fò ni. Ọkùnrin kan tó ń ta jéró ní Sábó ló mú takọtabo wọn wá láti inú iyanrìn òkè ọya. Àdìó bá a tún rédíò rẹ̀ ṣe, òun náà fi eku dúpẹ́. Ọmọ ilẹ̀ wa ni eku ọ̀hún, kò mọ òyìnbó kankan rí. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn, ikùn rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn gbọọrọ. Ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, irun sì wà ní ṣóńṣó ìrù náà bíi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kun ilé. Kì í rìn. Fífò ló máa ń fò, tọ́n-ín, tọ́n-ín, bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀.

Àdìó mú tẹlifíṣọ̀n onípákó ńlá kan, ó tú gbogbo ìfun inú rẹ̀ dànù, ó fi gíláàsì pẹlẹbẹ sójú rẹ̀, ó sì da iyanrìn sínú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí fèrèsé, nẹ́ẹ̀tì ló fi bò ó, kí afẹ́fẹ́ àti oòrùn lè máa wọlé. Ibẹ̀ ló kó àwọn eku sí. Jéró ni wọ́n ń jẹ, wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mumi, nítorí náà wọn kì í rùn. Wọ́n bímọ, wọ́n tún bímọ, wọ́n di mẹ́sàn-án. Àdìó sọ gbogbo wọn lórúkọ. Akọ àgbà ń jẹ́ Kánsẹ́lọ̀, torí pé òun ló máa ń yó kó tó rántí pé ará ìlú wà. Abo àgbà ń jẹ́ Ìyá Ìjọ, nítorí aṣọ funfun tó wọ̀ síkùn.

Gbémisọ́lá, télọ̀ tó wà ní yàrá kejì, ló kọ́kọ́ ní kí òun yọjú wò wọ́n fún ìṣẹ́jú kan. Wákàtí méjì ló lò. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí gbogbo ayálégbé fi ń gbé àpótí ìjókòó wá nírọ̀lẹ́. Àlàájà tó ti búra pé eku kò ní wọ ilé òun, òun ló wá ń jókòó síwájú jù.

"Mò ń ṣọ́ wọn ni," ló wí. "Ṣé kí onílé má ṣọ́lé rẹ̀ mọ́ ni?"

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Ìyá Ìjọ tún bí mẹ́ta, pupa, kò sí èyí tó ju ìka ọmọdé lọ nínú wọn. Ẹ gbọ́ ibí yìí dáadáa. Eku yìí, tí wọ́n bá mi ilé rẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, yóò jẹ àwọn ọmọ náà tán ni. Àdìó ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí, lọ́jọ́ tó sún tẹlifíṣọ̀n náà kó lè gbálẹ̀. Kó tó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ọmọ ti tán. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò jẹun. Látìgbà náà, bó bá fẹ́ sín pàápàá, ìta ló ń lọ.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Gbémisọ́lá já wọlé pẹ̀lú tẹ́ẹ̀pù télọ̀ lọ́rùn.

"Bọ̀dá Àdìó, wolé-wolé ti wà nílé kejì. Ó bá èkúté kan níbẹ̀, ó ti ń kọ wọ́n lọ sí kóòtù."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé abẹ́ ìjọba sójà la wà nígbà yẹn. Ọ̀gá Akíndúró wolé-wolé, pẹ̀lú ṣòkòtò kúkúrú kakí àti ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún, kì í bá eku ṣeré. Májèlé wà nínú báàgì rẹ̀, fúnra rẹ̀ ló sì ń dà á.

Àlàájà dé ẹnu ọ̀nà. "Àdìó, gbé eku rẹ jáde."

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́. Tí mo bá gbé wọn, ìyá yóò jẹ àwọn ọmọ rẹ̀."

"Tí o ò bá gbé wọn, èmi ni wolé-wolé máa jẹ."

Àdìó fẹ́ kúnlẹ̀. Gbémisọ́lá wo tẹlifíṣọ̀n náà, ó tún un wò, ló bá fa Àlàájà lọ́wọ́ jókòó.

"Ẹ jẹ́ ká máa wo tẹlifíṣọ̀n wa," ló wí. "Bọ̀dá, ohùn dà? Ṣé odi ni?"

Àdìó ki rédíò kékeré oníbátìrì kan bọ abẹ́ aṣọ tábìlì, ó ṣí i. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ẹni tó ń sọ ọ́ sì ń sáré sọ ọ́ bí ẹni tí ajá ń lé.

Bí Ọ̀gá Akíndúró ṣe wọlé nìyẹn. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó gbóòórùn igun ilé. Kò sẹ́ni tó yíjú wò ó. Ó gbójú sókè, àkókò náà gan-an ni Kánsẹ́lọ̀ fò kọjá lórí àwọn mẹ́rin, tí rédíò sì ké pé, "Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó ti gbá a wọlé!"

Ọ̀gá dúró. "Kí lèyí?"

"Bọ́ọ̀lù ni, sà," Gbémisọ́lá dáhùn.

"Eku ló ń gbá bọ́ọ̀lù?"

"Àwọn òyìnbó ló kọ́ wọn, sà."

Ọ̀gá Akíndúró rọra jókòó sórí òkú tẹlifíṣọ̀n kan. "Òyìnbó ò níí pa wá," ló wí. "Tẹlifíṣọ̀n tèmi náà ní àwọ̀ nílé. Àmọ́ kò mọ́ tó báyìí."

"Tiwa mọ́ o," Àlàájà fèsì. "Èyí tó sanra yẹn ni kápítéènì."

"Èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ tí kò mira ńkọ́?"

Ìyá Ìjọ ni. Abo eku náà ti la ẹnu sórí ọmọ kan.

"Aṣọ́lé ni, sà," Àdìó wí.

"Òṣìṣẹ́ gidi. Kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ bá mi kó irú rẹ̀ mẹ́wàá wá sí ọ́fíìsì."

Ìyá Ìjọ fi ẹnu gbé ọmọ náà, ó tẹ́ ẹ síkùn, ó sì dùbúlẹ̀ tì í. Àdìó mí.

Rẹfirí fọn fèrè lórí rédíò. Àwọn eku ń fò lọ ní tiwọn.

"Wọ́n ti fọn fèrè," Ọ̀gá wí. "Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń sáré?"

"Aláìgbọràn ni wọ́n, sà," Àlàájà wí. "Irú wọn ni ìjọba yìí ń bá wí."

Rédíò wá bẹ̀rẹ̀ sí í polówó oògùn ẹ̀fọ́rí. Kánsẹ́lọ̀ dìde lórí ẹsẹ̀ méjì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mú. Ọ̀gá Akíndúró rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. Ó nu ojú, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó yọ bírò.

"Ilé tó mọ́ nìyí," ló wí. "Níbòmíràn, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ leku wà. Tiyín, inú tẹlifíṣọ̀n ló mọ."

Ó ti kọ "Kò sí", ó ku "eku", ni gbogbo Àgbowó bá hó yèè lẹ́ẹ̀kan náà, gílóòbù òkè orí wọn sì tàn yòò: Nẹ́pà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná tó ti lọ láti àná dé.