Éèsì àti Kíńgì ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Boaz

Abdulmumin gbé etí káàdì rẹ̀ méjèèjì sókè díẹ̀, ó yọjú wò wọ́n, ó tún dà wọ́n dé. Éèsì kan, kíńgì kan. Káàdì tó dára báyìí kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

"Ṣé o ti rí wọn tán, àbí kí n lọ tan iná wá?" Bàbá Boaz béèrè.

"Mo ti rí wọn, sà."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Boaz kọjú sí ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, ní Ìkirè. Iwájú ilé náà gan-an ni Sàlámọ̀tù, ìyá Abdulmumin, ti ń dín dòdò láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ kò tíì mọ̀wé kà. Àpòmù ni wọ́n ń gbé. Àràárọ̀ ni ìyá náà ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rọ̀ wá sí Ìkirè. Lọ́sẹ̀ yìí ni Bàbá Boaz sọ fún un pé kó wá ibòmíràn lọ, pé ọmọkùnrin kan fẹ́ gbé ṣọ́ọ̀bù POS síbẹ̀. Nígbà tí Abdulmumin wá dọ̀bálẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀, ẹ̀rín ni bàbá náà ń rín. Wọ́ọ̀rì ló ti kọ́ eré káàdì póka lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ epo, nígbà tó ṣì ń wa ọkọ̀ àjò.

"Ẹ̀bẹ̀ ti sú mi," ló wí. "Wọ́n ní ìwọ ọmọ yunifásítì lò ń sọ kiri ìlú pé ìṣirò ni póka. Ó dáa, jókòó. Tí o bá borí, ìyá rẹ ò kúrò níbí. Tí mo bá borí, òní yìí ló máa kó ààrò rẹ̀, ìwọ fúnra rẹ lo sì máa sọ fún un."

Abdulmumin jókòó. Ìyá rẹ̀ níta kò mọ nǹkan kan. Ó rò pé wọ́n kàn ń ṣeré ni.

Kòkó gbígbẹ ni wọ́n fi ń ta á dípò owó. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní káàdì méjì tí ẹnì kejì kò rí. Wọ́n á ṣí mẹ́ta sí àárín, wọ́n á tún ṣí ọ̀kan, wọ́n á tún ṣí ọ̀kan sí i. Ẹni tí tirẹ̀ bá bá ti àárín mu jù ló ni kòkó tó wà nílẹ̀, àfi tí ẹnì kejì bá ti bẹ̀rù tó sì ju káàdì sílẹ̀. Bí ládàánì bá ti pe ìrun Alásárì, eré parí. Ẹni tí òkìtì kòkó rẹ̀ bá ga jù ló borí.

Alásárì sì ti sún mọ́. Òkìtì Bàbá Boaz ló fi díẹ̀ ga jù.

Bàbá ṣí mẹ́ta: méje, méje, mẹ́ta.

Kò sí éèsì, kò sí kíńgì. Abdulmumin gbìyànjú kí ojú rẹ̀ má yí padà. Ó mọ ohun tí ìṣirò wí. Káàdì ńlá méjì tí kò jọra, ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìgbà mẹ́ta ni ti àárín kì í bá wọn mu. Bí èèyàn bá pọ̀ nídìí eré, kí o dákẹ́, torí ẹnì kan á ti rí nǹkan he. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo lẹ jọ ń ta, ó ṣeé ṣe kí òun náà má rí nǹkan kan. Fi díẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ní nǹkan lọ́wọ́, bóyá á sá.

Ó ti kòkó díẹ̀ sí àárín láìsọ̀rọ̀.

Bàbá Boaz kò sá. Ó ka iye kan náà sí i. "Mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ."

Ohun tó ń jẹ Abdulmumin lọ́kàn nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí òun kò bá ní nǹkan kan lọ́wọ́, bàbá á tẹ̀ lé òun. Ìgbà tí òun bá ní ojúlówó, bàbá á ju káàdì sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́. Ìṣirò wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Òun fúnra òun ló ra káàdì yìí ní Ifẹ̀, kò sí àmì lẹ́yìn rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn: kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló wà lára ògiri, kò sí dígí. Àbí ọwọ́ òun ló ń gbọ̀n? Ó jókòó lé ọwọ́ òsì rẹ̀.

Bàbá ṣí ẹ̀kẹrin: kuíìnì. Kò tún kàn án.

Ibi tó yẹ kéèyàn ti dúró nìyí. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé ọ lẹ́ẹ̀kan, má ṣe sọ òkò kejì lásán. Gba àdánù kékeré, kí o lọ. Ṣùgbọ́n bí òun bá lọ báyìí, ládàánì ò ní dúró de òun.

"Yunifásítì, ṣé o ti sùn ni?"

"Mò ń ronú, sà."

"Máa ronú lọ. Ààrò ìyá rẹ ò kúkú wúwo, ẹ̀yin méjèèjì á rí i gbé."

Níta, dẹ́rẹ́bà kan ń fọn fèrè. "Mama, abeg, passenger dey wait o!"

"Ẹ má bínú, ọkọ mi," Sàlámọ̀tù dáhùn. "Ẹ má bínú, ẹ gbówó yín wá, ó ti jinná."

Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ tọrọ àforíjì, bẹ́ẹ̀ náà ló sì kọ́ ọmọ rẹ̀.

Ara Abdulmumin bù máṣọ. Nígbà tí òun ní kuíìnì méjì lẹ́ẹ̀kan, kí ni òun sọ bí òun ṣe ń ti kòkó síwájú? "Ẹ má bínú, bàbá." Nígbà tí òun ní mẹ́wàá mẹ́ta ńkọ́? "Ẹ má bínú, sà." Òun mọ̀ pé òun fẹ́ gba nǹkan àgbàlagbà. Ìgbà tí òun bá ń purọ́, ìṣirò á kún orí òun, ẹnu òun á sì pa dé. Ohun tí bàbá fi ń mọ̀ nìyẹn.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti gbogbo kòkó rẹ̀ sí àárín. Kò tíì fi gbólóhùn yìí purọ́ rí.

"Ẹ má bínú, bàbá."

Bàbá Boaz wò ó. Ó wo kuíìnì. Ó tún wò ó. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn Abdulmumin, kò sì jẹ́ mira.

"Kuíìnì yẹn ló bá ọ mu," bàbá wí. Ó ṣí tirẹ̀ sílẹ̀: mẹ́wàá méjì. Ó tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Máa kó o."

Bí Abdulmumin ṣe ń kó kòkó jọ ni ládàánì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun. Ọmọdé pàápàá lè rí i pé òkìtì tirẹ̀ ló ga jù.

"Jẹ́ kí n rí tìrẹ," Bàbá Boaz wí.

Òfin póka kò fi dandan mú un. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà nínú ilé rẹ̀? Abdulmumin ṣí wọn. Éèsì, kíńgì.

Bàbá fi ìka kan káàdì méjèèjì. Abdulmumin ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ mi kì í yẹ̀. Ìyá rẹ ò kúrò." Ó kó káàdì jọ díẹ̀díẹ̀. "O wá ní kí n má bínú."

"Ẹ má bínú, bàbá." Ó ti dọ̀bálẹ̀ kó tó mọ̀. Láti ìsàlẹ̀ ọkàn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá lọ́tẹ̀ yìí.

Bàbá Boaz tẹ̀ síwájú lórí àga, ó ń wo ọwọ́ tí ọmọ náà tẹ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀bẹ̀ ìsinsìnyí yìí ńkọ́? Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ?"

Abdulmumin yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bàbá ṣì ń wò wọ́n.