Ìdúpẹ́ Tó Ṣáájú Èsì

…bí mo bá kúkú dákẹ́, ṣé irọ́ ni mo pa? Rárá. Ẹni tó dákẹ́ ò purọ́. Ohun tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyẹn… Rárá o, mi ò kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Bí mo bá bi wọ́n léèrè tí wọ́n dákẹ́, ẹgba ni.

Mo jókòó sínú yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ, aṣọ funfun ti wà lọ́rùn mi. Wọ́n ń kọrin lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Fóònù mi ṣì gbóná lórí itan mi. Àṣojú tí àwa ìjọ etíkun rán lọ sí àpérò gbogbo ayé lórí ojú ọjọ́ ló pè mí láàárọ̀ yìí.

"Tíṣà, wọ́n ti tú ká o. Wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Kí ló di ọdún tó ń bọ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Ògiri tó máa dá òkun dúró, ilẹ̀ tuntun, èéfín tí wọ́n ní àwọn á dín kù. Wọ́n ka lẹ́tà wa ṣá. Wọ́n pàtẹ́wọ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n là á ní ẹsẹẹsẹ, bí ẹni ń kọ ọ́ sójú pátákó. Èéfín ilé iṣẹ́ ńláńlá ti dà bíi kúbùsù lórí ayé, ooru ò ráyè jáde. Yìnyín ń yọ́. Omi tó bá gbóná a máa wú, ìyẹn ni òkun fi ń gun òkè bọ̀ wá bá wa. Ìyẹn yé mi. Àwọn orílẹ̀-èdè ń ṣèpàdé lórí ẹ̀ lọ́dọọdún. Ìyẹn náà yé mi. Àwa ìjọ kọ lẹ́tà, a gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Níbo la ti wá ṣì í…

Ìdúpẹ́. Ìdúpẹ́ ni.

Ìjọ tiwa kì í dúró de èsì kó tó dúpẹ́. Bí aláìsàn bá ń lọ fún iṣẹ́ abẹ, a ti jó ijó ìwòsàn. Bí ọmọ bá ń lọ ṣèdánwò, a ti dúpẹ́ pé ó yege. Lọ́jọ́ tí àpérò yẹn bẹ̀rẹ̀, a ti dúpẹ́ pé ó ti yọrí sí rere. Pásítọ̀ ní kí n bá ìjọ ṣàlàyé, torí mo mọ àlàyé ṣe. Mo sì ṣe é. Olúwa mi, mo ṣe é! Mo ní, "Bí ẹ bá dúpẹ́ tán, tí ẹ tún lọ ń di ẹrù, ṣé ẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni, àbí ẹ̀ ń dán an wò?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ké Àmín.

Àbúrò mi ké Àmín. Ilé rẹ̀ ló sún mọ́ omi jù. Kí n tó sọ̀rọ̀ yẹn, ó ti tú bẹ́ẹ̀dì palẹ̀, ó ti fi aṣọ we ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, òun nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà mi:

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti tú ẹrù o! Mo ti dá ọlọ́kọ̀ padà. Ó lóun ò rí irú èmi rí. Mo ní ìwọ ni o ò tíì rí ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n bíi tèmi."

Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Lánàá, òkun gbé balùwẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó ṣì ń fi ṣẹ̀fẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, òkun ló ń wá wẹ̀ mí nílé báyìí." Ọ̀túnla ni òṣùpá máa kún. Bí òṣùpá bá kún, omi a ga ju bó ṣe ń ga lọ… Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìyẹn náà, nígbà tó wà ní kékeré.

Pásítọ̀ ti gbọ́ ohun tí àṣojú wa sọ. Kó tó jáde, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jó lónìí. Ẹni tó ń jó lọ́wọ́, a kì í túfọ̀ fún un."

Kí ló dé tí mi ò lè sọ ọ́? Ìtìjú ni? Mo ti ṣi ìṣirò lójú pátákó rí. Mo nù ún, mo tún un ṣe, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ó tán. Àṣìṣe kì í pa tíṣà. Kí ló wá ń…

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Àbúrò mi máa bi mí ni. Mo mọ̀ ọ́n. Kò ní bínú, ó kàn máa wojú mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà gbà á gbọ́, àbí?"

Mo sì… Àpótí mi. Níbo ni àpótí mi wà lọ́jọ́ tí wọ́n ń ké Àmín yẹn? Nílé ọmọ mi, lórí òkè. Ìwé ẹ̀rí mi, fọ́tò ìgbéyàwó mi, aṣọ tí bàbá àwọn ọmọ mi fi sílẹ̀ — mo ti kó gbogbo ẹ̀ lọ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú àlàyé. Mo ní mo fẹ́ kun yàrá. Mi ò ra ọ̀dà. Mi ò tilẹ̀ béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Kì í ṣe pé mo gbàgbọ́, tí ìgbàgbọ́ wá já mi kulẹ̀. Mi ò gbà á gbọ́ rí. Èmi ti di ẹrù tèmi. Ẹrù tiwọn ni mo ní kí wọ́n tú.

Orin ti dá. Èmi ni wọ́n ń dúró dè láti wá ka ọpẹ́. Mo dìde, mo fi ìka ya aṣọ ìkélé díẹ̀. Àbúrò mi wà lórí ìjókòó kẹta. Ó ti bọ́ bàtà sábẹ́ àga, ó fẹ́ jó.