Agbọ̀n Ẹja Tí Ẹnìkan Kò Gbé

Ọjọ́ ìkórè ni Olùkọ́ Ọláòtán sọ ọ̀rọ̀ náà, inú rere ló sì fi sọ ọ́.

Ìjọ kékeré tó ń bójú tó wà létí ọ̀sà, níbi tí títì tó gba Ìgbògbò kọjá ti parí sínú omi. Oríṣi ènìyàn méjì ló ń jọ́sìn níbẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀, Ìjẹ̀bú bíi Olùkọ́ fúnra rẹ̀, ń jókòó lápá ọ̀tún. Àwọn Ègùn apẹja, tí àwọn baba wọn tukọ̀ wá láti ìhà Àgbádárìgì, ń jókòó lápá òsì. Kò sẹ́ni tó pín wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jókòó láti ayé baba Olùkọ́.

Lọ́jọ́ ìkórè, apá kọ̀ọ̀kan a máa jó lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú ọrẹ ọpẹ́ tirẹ̀. Lọ́dún yìí, àwọn Ègùn ru páànù wá, èyí tó tó bo gbogbo orí ilé ìsìn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ gbé iṣu díẹ̀ wá, àti àkùkọ kan tó já okùn ẹsẹ̀ rẹ̀, tó sì gba ojú fèrèsé fò jáde. Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó wo apá ọ̀tún, àánú àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe é. Ó fi ìwàásù tó ti pèsè sílẹ̀ sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n wéra.

"Ẹ̀yin ará ilé baba mi, ẹ má bínú sí mi. Ọlọ́gbọ́n ọba nì ní kí ọ̀lẹ tọ èèrà lọ. Èèrà wa rèé lápá òsì! Nígbà tí wọ́n dé, abà igi ni wọ́n ń gbé. Lónìí, ilé búlọ́ọ̀kù ni. Ọmọ Bàbá Sẹ́námì ti di nọ́ọ̀sì. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló ń tún ẹ̀rọ ìrẹsì ṣe ní Ìmọ̀tà. Àwa ńkọ́? A ta ilẹ̀ fún àwọn tó kọ́ ẹ̀sítéètì, a fi owó rẹ̀ ra mọ́tò, a fi ṣe òkú. Mọ́tò ti bàjẹ́, òkú ti jẹrà, àwọn ọmọ wa sì ń gun ọ̀kadà ní ibùdókọ̀ Agric, wọ́n ń gbé ẹni tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ wa lọ wọkọ̀ ibi iṣẹ́!"

Apá ọ̀tún kò ṣe àmín. Apá òsì náà kò ṣe àmín, ìyẹn ló sì yẹ kó kọ Olùkọ́ lóminú.

Nígbà tí ìsìn parí, Mautin dúró dè é. Mautin yìí ni wọ́n ń pè ní Bàbá Sẹ́námì. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn Ègùn, òun ló sì ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé ìsìn.

"Olùkọ́, ẹ ṣeun," ó wí, bó ti ń pa fèrèsé dé. "Ṣùgbọ́n ẹ̀ bá má ti yìn wá."

"Ṣé irọ́ ni mo pa ni?"

"Ẹ ò parọ́. Àwọn tó yè nínú wa lẹ kà. Ẹ ò ka àwọn tí omi gbé lọ. Iná mànàmáná dé ẹnu ọ̀nà yín, ó dúró síbẹ̀, kò wọ ọ̀dọ̀ wa rí. Nígbà tí ìyàwó ọmọ mi ń rọbí, inú ọkọ̀ ojú omi ló bí i sí, ọmọ náà kò ké. Ẹ̀yin nílẹ̀ tí ẹ lè tà. Ẹni tí kò nílẹ̀ tí yóò tà, ọmọ ló kù tí yóò rán lọ sílé ìwé. Kì í ṣe ọgbọ́n, Olùkọ́. Ẹ̀rù ló ń bà wá."

Olùkọ́ gbọ́wọ́ lé e léjìká. "Bàbá Sẹ́námì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ baba kan ni wá nínú Olúwa."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Mautin wí. Ó ti ilẹ̀kùn, ó tún fà á wò bóyá ó tì dáadáa.

Dùnsìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, ti fi fóònù ká ìwàásù náà sílẹ̀. Ọ̀kadà ni Dùnsìn ń gùn, òun sì ni olórí àwọn ọ̀dọ́ ilé onílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Olùkọ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Agric, nínú fóònù ẹni tí kò mọ̀ rí: "Èèrà wa rèé lápá òsì!" Ẹ̀rín ńlá tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín tí ìjọ fi àkùkọ rín ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé e lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó wá Dùnsìn lọ síbi tí ọ̀kadà ń dúró sí.

"Kí lo fi ohùn mi ṣe?"

"Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, Bàbá! Ṣebí òótọ́ lẹ sọ? Ẹ là wá lójú ni. A ò mọ̀ pé wọ́n ti lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ wa."

"Mo ní kí ẹ fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe ni!"

"A ti ń kọ́ ọ." Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan. Bí èèrà bá wọlé yín, tó ya wọ inú ṣúgà, kí lẹ máa ń dà sí i?"

Olùkọ́ di ọwọ́ ọ̀kadà náà mú.

"Ẹ mọ̀ ọ́n. Kò sílé tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n." Dùnsìn tanná sí ọ̀kadà rẹ̀, ó sì lọ. Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó fi okùn dè. Òórùn kẹrosíìnì dúró sójú ibi tó ti kúrò.

Ìṣákọ́lẹ̀ ló tẹ̀ lé ìkórè. Lọ́dọọdún, àwọn Ègùn a gbé agbọ̀n ẹja ọ̀bọ̀kún yíyan lọ síwájú ilé olórí ẹbí onílẹ̀. Kì í ṣe owó ilẹ̀. Àmì ni, láti sọ pé, "A mọ̀ pé ilẹ̀ yín ni." Olórí ẹbí a mú ẹja kan, a jẹ ẹ́ níṣojú wọn, àwọn ará ilé a sì pín ìyókù. Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́, ọdún mìíràn ti wọlé fún àwọn àlejò náà.

Lọ́dún yìí, Bàbá Mojúbàolú, olórí ẹbí, gba ìdọ̀bálẹ̀ Mautin àti àwọn àgbà Ègùn. Ó fún wọn lómi mu. Ó sọ̀rọ̀ òjò, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wọn. Kò wo agbọ̀n náà. Nígbà tí wọ́n dìde lọ, agbọ̀n wà nílẹ̀.

Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àwọn obìnrin ilé ń gbálẹ̀ yí i ká, ilẹ̀ tí ìgbálẹ̀ kò kàn sì ṣe róbótó lábẹ́ rẹ̀. Òjò rọ̀ sí i. Oòrùn ràn sí i. Bí ewúrẹ́ bá sún mọ́ ọn, wọ́n á lé e dànù, kó má bàa di pé ohun tó jẹ́ tilé ti jẹ ẹ́.

Olùkọ́ lọ bá olórí ẹbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá, ẹja ń bàjẹ́ níta."

"Mo rí i."

"Ṣé ẹ ò ní gbà á ni?"

"Ìwọ lo là wá lójú. Ẹni tó ti lágbára jù wá lọ, ṣé àlejò wa nìyẹn ṣì ń jẹ́? Àwọn ọmọ ní kí n má fọwọ́ kàn án. Àgbà tó jẹ́ pé ọmọ ló ń bọ́ ọ, yóò gbọ́ tọmọ." Ojú Bàbá Mojúbàolú wà nílẹ̀. "Bó bá di ìpàdé ẹbí lọ́jọ́ Sátidé, a ó da agbọ̀n náà sómi. Ohun tí wọn yóò ṣe lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. Má sọ fún mi. Mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Olùkọ́ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Ohun tí wọ́n sọ fún Ísákì ní Gérárì nìyẹn, pé kó kúrò nítorí ó ti lágbára jù wọ́n lọ, àwọn kan náà tó fi erùpẹ̀ dí àwọn kànga baba rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti wàásù lórí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ísákì ló máa ń dúró sí nígbà gbogbo tó bá ń wàásù rẹ̀.

Ó wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ ni àbúrò ìyá rẹ̀ ń gbé, Alhaja Mùsílímátù, tó ń ra ẹja yíyan lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ègùn láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsárì tán, tẹ̀súbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọláòtán Pásítọ̀! Ojú rẹ rù báyìí. Ṣé ìkórè ò mú ẹran wá ni?"

Ó rò gbogbo rẹ̀ fún un. Alhaja kò ṣàwàdà mọ́.

"Wọ́n fi fídíò náà hàn mí lọ́jà. Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́ o, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́n jù báyìí lọ." Ó ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. "Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, títí dòní, wọ́n mọ ẹni tó ti wà nílẹ̀, wọ́n sì mọ ẹni tí baba rẹ̀ bá ọba sá gba orí omi wá láti Èkó. Inú àwọn tó sá wá ni wọ́n ti bí mi. Bí mo bá kọ́lé ńlá, wọ́n á ní àlejò ti gba ìlú. Bí mo bá tòṣì, wọ́n á ní kí ni wọ́n retí lọ́dọ̀ àlejò. Ẹni tó bá ń fi ènìyàn wé ènìyàn, ọ̀bẹ ló ń pọ́n, Ọláòtán. Kò mọ ẹni tí yóò lò ó."

"Kí ni kí n wá ṣe, Ìyá?"

"Ìwọ náà kì í ṣe ọmọ ilé náà ni? Lọ́dún tí olórí ẹbí ìgbà yẹn wà lórí àìsàn, ta ló jẹ ẹja? Baba rẹ ni. Ọmọ ilé tó bá jẹ ẹ́ níwájú ẹbí, gbogbo ilé ló jẹ ẹ́. O rò pé lásán ni wọ́n ń lé ewúrẹ́?"

"Ẹja náà ti rà, Ìyá. Ó ti ń rùn."

"Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí pẹpẹ ńkọ́, ṣé ó ń ta sánsán ni?"

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹbí pé sí àgbàlá. Àwọn ọ̀dọ́ dúró ti ògiri, kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò sì tò lẹ́sẹ̀ wọn, ó pọ̀ ju ohun tí ilé kan lè fi dáná lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó wà nínú wọn. Bàbá Mojúbàolú gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí wọ́n gbé agbọ̀n lọ sétí omi. Dùnsìn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e.

Olùkọ́ ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀, ó sì ki ọwọ́ bọ agbọ̀n. Ìdin ń rìn lára ẹja tó mú. Ó gbàdúrà kúkúrú, bí ẹni tó jókòó nídìí tábìlì nílé ara rẹ̀, ó sì gé e jẹ.

"Bàbá! Kí lẹ ń ṣe yẹn?" ni Dùnsìn ké.

"Ìṣákọ́lẹ̀ ilé baba mi ni mò ń jẹ."

Ó tún gé e jẹ. Ó jẹ ẹ́ dé orí, kó má bàa sẹ́ni tí yóò sọ pé ó tu ú dànù. Èébì yọ sí i lọ́fun, ó gbé e mì. Ó nawọ́ agbọ̀n sí àwọn tó jókòó, láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n ń wo ilẹ̀.

Bàbá Mojúbàolú wá wo agbọ̀n náà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n gba ẹrù wíwúwo lórí rẹ̀.

"Ilé ti jẹ ẹ́. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì yín kúrò níwájú mi."

Dùnsìn rọra wá. Ó mú omi inú ọ̀rá kan dání, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Olùkọ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́.

"Ẹ mu omi, Bàbá. Ẹ kú oúnjẹ." Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Tọdún yìí lẹ jẹ o. Ṣé ikùn yín á gba tàwọn ọdún tó kù?"

Inú rírun kò jẹ́ kí Olùkọ́ gbádùn, síbẹ̀ ó fi ọ̀pá rìn lọ sí ilé ìsìn láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Kọ́kọ́rọ́ wà lójú rẹ̀. Gbogbo àga apá òsì ṣófo.

Ó yára lọ sétí omi bí agbára rẹ̀ ti mọ. Ọkọ̀ ojú omi tó kù kò pọ̀. Mautin ń gbé ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ tó ti tú sínú ọ̀kan.

"Bàbá Sẹ́námì, ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Ilé ti gbà á!"

"A gbọ́ o, Olùkọ́. Sẹ́námì sunkún nítorí yín. Ó ní kí n fún yín ní oògùn yìí, kí ẹ lò ó lẹ́yìn oúnjẹ."

"Kí ló wá dé?"

Mautin gbé ilẹ̀kùn náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. "Nígbà tí baba yín jẹ ẹja wa, gbogbo ilé ló bá a jẹ ẹ́. Egungun nìkan ló kù nínú agbọ̀n. Lánàá, ẹnìkan ló jẹ. Agbọ̀n kún." Ó wọ inú ọkọ̀. "Ìyá yín tó wà ní Ẹ̀pẹ́ ti ránṣẹ́ pé ká máa bọ̀. Àyè díẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wọn, létí omi."

"Kí ni kí n máa fi gbàdúrà fún yín?"

"Ẹ gbàdúrà," ni Mautin wí, "kó má sẹ́ni tí yóò yìn wá níbẹ̀."

Ó fi ọ̀pá ti ọkọ̀ kúrò létí.

Nígbà tí Olùkọ́ padà dé, apá ọ̀tún ti kún, àfi àyè Dùnsìn àti àwọn ọ̀dọ́. Páànù àwọn Ègùn ṣì tò sí kọ̀rọ̀, wọn kò tí ì fi í bo nǹkan kan. Kò lè wàásù. Orin ọpẹ́ ló dá, èyí tí apá méjèèjì máa ń gbà fún ara wọn, tí ọ̀tún yóò kọ ìlà kan, tí òsì yóò sì dá a lóhùn.

Apá ọ̀tún kọ ìlà tirẹ̀, wọ́n dúró, bí wọ́n ti máa ń dúró.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, òórùn kẹrosíìnì gba ojú fèrèsé wọlé láti ìhà etí omi, èéfín sì tẹ̀ lé e.