Àwọn Ará Òdìkejì Odò

"Ìyẹn ò sí nínú ìtàn. Pa á rẹ́."

Ìyá arúgbó na ìka sí ìwé orí itan tíṣà-fẹ̀yìntì. Àbúrò bàbá tíṣà ni ìyá yìí, òun nìkan ló sì kù tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí tíṣà. Baálẹ̀ ló ní kí tíṣà kọ ìtàn abúlé wọn. Ọ̀rọ̀ ń lọ geere, àfi ìgbà tí tíṣà béèrè ẹni tó ni àlàpà méje tó wà lódìkejì odò, tó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

"Ìyá, ẹ wo orí mi, ó ti funfun. Ìgbà wo lẹ fẹ́ sọ fún mi?"

Ìyá mú ìka kúrò lórí ìwé.

"Àìsàn kan ló wọlé tọ̀ wá. Ẹni tó bá ti mú, òdìkejì là ń gbé e lọ. Odò kún lọ́dún náà, ìtì igi la fi ṣe afárá. Nígbà tí àìsàn ò lọ, wọ́n yọ igi náà. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún ń pè wá lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kẹrin, ohùn kan ló kù."

"Ohùn ta ni?"

"Ìyàwó tí bàbá rẹ fẹ́ ṣáájú ìyá rẹ. Ó pọn ọmọ."

"Bàbá mi ńkọ́?"

"Òun ló yọ igi."

Ìgbà náà ló yé tíṣà ìdí tí bàbá rẹ̀, títí tó fi kú, kì í fi í dáhùn bí wọ́n bá pè é láti ẹ̀yìnkùlé tó kọjú sí odò. Á kàn dúró gbagidi.

Baálẹ̀ ka ojú ewé tí tíṣà kọ ọ̀rọ̀ náà sí lẹ́ẹ̀mejì.

"Tíṣà, bàbá ara rẹ lo fẹ́ tú síta yìí o. Òkú ọ̀run ni. Jẹ́ ká bò ó."

"A ti bò ó tó, Baálẹ̀. Bí ẹ bá yọ ojú ewé yìí, ẹ yọ orúkọ mi náà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tíṣà ká ṣòkòtò sókè, ó la odò kọjá. Omi ò ju orúnkún lọ. Igbó ti bo ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ ya á títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà àlàpà àkọ́kọ́. Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ tó ti ń tò lẹ́nu bọ̀ láti ilé fò lọ pátá. Ó bọ́ fìlà.

"Ẹ kúulé o," ló wí.

Ó dúró níbẹ̀ pẹ́, bí àlejò tí wọn ò tíì ní kó wọlé.