Àga Kẹrin ní Yàrá Keje

"Ẹ má bínú, mà, àga mi nìyẹn. Orúkọ ẹlòmíràn ni ẹ kọ sí i."

Ọmọbìnrin náà kò pariwo, kò sì sunkún. Ó dúró níwájú tábìlì akọ̀wé, ó na ìka sí ẹ̀dà ìwé orúkọ àwọn tó yege, pẹ̀lú nọ́ńbà àga wọn, tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ géètì láti àná. Bàbá àgbà tó mú un wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ká fìlà sọ́wọ́ bí ẹni tó wá tọrọ àforíjì. Káfíńtà ni bàbá náà, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà ní irun apá rẹ̀.

"Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀, mà," ni ó wí. "Láti àná ni kò ti jẹ́ kí etí mi sinmi. Mo ní ẹni tí kò bá yege níbí, á lọ síbòmíràn, ayé kò parí. Ó ní rárá, àfi kí òun rí ẹni tó kọ ìwé náà."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti lò nídìí tábìlì yẹn, lọ́dọọdún ni ó sì ń gbọ́ irú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí orúkọ bá jáde. Ìyá kan á ní ọmọ òun kò gba ipò kejì rí láti ọjọ́ tí òun ti bí i. Bàbá kan á ní òun mọ ẹnì kan tó mọ ẹnì kan. Ìdáhùn kan náà ló wà fún gbogbo wọn, tòun ti ife omi tútù: "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ìdánwò wa kì í mojú."

Òótọ́ ni, kì í mojú. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni, inú ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá ojú irin ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún méjìléláàádọ́rin sẹ́yìn. Títí di òní, bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, àwọn tíṣà á dákẹ́, wọ́n á dúró kí ó lọ tán, wọ́n á sì bá ọ̀rọ̀ wọn lọ láti ibi tí wọ́n dé. Ọmọ dókítà àti ọmọ ẹni tó ń rán bàtà ń jókòó pọ̀ níbẹ̀, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ náà kò béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọpọlọ nìkan ló ń béèrè. Ọmọ tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ló ń ṣe ìdánwò lọ́dún, ọgọ́fà péré ni wọ́n ń mú. Àwọn ènìyàn ńlá a máa kọ lẹ́tà wá o. Dúrọ́ọ̀ kan wà nísàlẹ̀ tábìlì akọ̀wé tí wọ́n ń pè ní ibojì àwọn ọlọ́lá. Ibẹ̀ ni lẹ́tà wọn ń sùn sí, kò sì sí èyí tó jí rí.

Kí ẹni tó ń máàkì má bàa mọ ọmọ ta ni, ìwé ìdánwò kì í ní orúkọ. Nọ́ńbà yàrá àti nọ́ńbà àga nìkan ló ń wà lórí rẹ̀. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló ń tẹ́ àwọn ìwé náà sórí àga láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò: àga kìíní wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, àga ọgbọ̀n wà ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún lẹ́bàá fèrèsé. Tíṣà á wá pe orúkọ bí wọ́n ṣe tò ó, ẹni àkọ́kọ́ á jókòó lẹ́nu ọ̀nà, èkejì á tẹ̀ lé e. Kò sí ibi tí wọ́n kọ òfin yìí sí, torí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

"Ọmọ mi," ni akọ̀wé wí, "nọ́ńbà mélòó lo rí lórí ìwé rẹ?"

"Mẹ́rin, mà. Yàrá keje, àga kẹrin."

"Ṣé ó dá ọ lójú? Ẹ̀rù lè mú kí ènìyàn ṣì í wò."

"Ẹ̀rù ò bà mí, mà. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà. Afẹ́fẹ́ ń gbá ilẹ̀kùn mọ́ mi lẹ́sẹ̀ títí mo fi gbé báàgì mi dá a dúró."

Akọ̀wé fa ìwé ìjókòó yàrá keje jáde, ìka rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn orúkọ náà. Ó rí ti ọmọ náà. Ẹni kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni. Ẹni kẹtàdínlọ́gbọ̀n kò ní ohun tó ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà rárá. Ìdí fèrèsé ló yẹ kó wà. Ó tún un kà.

"Ẹ bá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, bàbá," ni ó wí. "Mò ń bọ̀."

Tíṣà tuntun tó ń kọ́ni ní ìṣirò ló ṣọ́ yàrá keje. Inú yàrá àwọn tíṣà ni akọ̀wé ti bá a, ó ń gé èékánná.

"Tíṣà, ẹ dákun, lọ́jọ́ ìdánwò yẹn, apá ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n?"

"Ìdí fèrèsé ni, mà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Bí a ṣe ń ṣe é níbi tí mo ti wá nìyẹn." Ó gbójú sókè. "Kí ló dé, mà? Ṣé kò dáa ni?"

"Ó dáa. Ẹ máa gé èékánná yín."

Kò dáa rárá. Ìwé ti wà lórí àga láti ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ sì jókòó láti ìdí fèrèsé. Ẹni àkọ́kọ́ kọ ìwé ẹni ìkẹyìn, ẹni ìkẹyìn kọ ti ẹni àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yàrá náà ṣe dojú dé. Ọmọ mẹ́ta ló yege láti yàrá keje. Orúkọ mẹ́ta ló wà lórí géètì. Kò sí ọ̀kan nínú orúkọ náà tó jẹ́ ti ẹni tó kọ ìwé.

Akọ̀wé dúró ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó di irin mú. Ẹ̀bi tíṣà kékeré yẹn kọ́. Lọ́dọọdún, akọ̀wé a máa lọ láti yàrá dé yàrá láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, á máa sọ fún gbogbo tíṣà pé, "Láti ẹnu ọ̀nà o!" Lọ́dún yìí, orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. Nígbà tó ti gun àtẹ̀gùn náà lẹ́ẹ̀kan láti tẹ́ ìwé, tó sì sọ̀ kalẹ̀, kò lè gùn ún mọ́. Ó ní gbogbo wọn ṣáà ti mọ̀ ọ́n.

Oṣù méjì ló kù kí ó fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti sọ ọ́ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ pé àwọn á fún un ní aago ògiri kan, wọ́n á sì kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀ pé: *Ẹni tí kò ṣàṣìṣe rí.* Ó sì dùn mọ́ ọn nígbà náà, kí a má purọ́. Ó ti wá ibi tí òun máa gbé e kọ́ sí nínú pálọ̀ òun.

Ó yọjú lójú fèrèsé. Bàbá káfíńtà ń fi ọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì wò bóyá ó ń mì. Ọmọ náà jókòó ní tirẹ̀, ó ń wo ilẹ̀kùn. Bí akọ̀wé bá jáde báyìí, tó ní "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí àṣìṣe kankan," bàbá yẹn á dúpẹ́. Á tilẹ̀ tọrọ àforíjì. Wọ́n á lọ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ohun tó dun akọ̀wé jù lọ ni ọpẹ́ tí bàbá náà máa dá.

Ó yí padà, ó lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.

Rúlà ni gbogbo ènìyàn ń pe ọ̀gá náà lẹ́yìn, nítorí kò sí ìlà tó lè fà láìlo rúlà, bó jẹ́ abẹ́ orúkọ ara rẹ̀ ni. Ọdún kẹrin rẹ̀ rèé nínú ọ́fíìsì yẹn, akọ̀wé kò sì tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mo ti ba nǹkan jẹ́."

Ó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò dárúkọ tíṣà tuntun ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì dárúkọ orúnkún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Rúlà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"Ta ló mọ̀ sí i?"

"Èmi àti ẹ̀yin, mà. Àga tirẹ̀ nìkan ni ọmọ yẹn mọ̀."

"Ẹ lè jẹ́ kó máa lọ, ẹ̀yin náà ẹ sì gba aago yín."

"Mo rò ó bẹ́ẹ̀, mà, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ yẹn ló ni àyè yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi."

"Àwọn mẹ́ta tó wà lórí géètì ńkọ́?"

Akọ̀wé mi orí. "Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè mí, mà. Ìyá ọ̀kan nínú wọn jó ní géètì lánàá títí bàtà rẹ̀ fi já. Ẹnu wo la máa fi sọ fún un?"

Ọkọ̀ ojú irin kan ń kọjá, wọ́n dúró kó lọ tán. Lẹ́yìn náà ni Rúlà ní, "Ẹ bá mi gbé rẹ́gísítà ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n ilé ẹ̀kọ́ yìí wá."

Rẹ́gísítà ni ìwé ńlá tí akọ̀wé ń fi ọwọ́ kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó bá wọlé sí, ọdún kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Akọ̀wé gbé e wá, ó nu eruku rẹ̀. Rúlà ṣí ojú ewé tó fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé ó ti ṣí i ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ọgọ́fà orúkọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú bírò dúdú. Nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa: ìkọkànlélọ́gọ́fà.

"Ẹ ti rí i rí?"

"Mo ti rí i, mà. Mo rò pé bírò dúdú ló tán lọ́wọ́ wọn."

Rúlà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ga, ó sì ṣàjèjì; akọ̀wé kò mọ̀ bóyá kí òun bá a rín in.

"Èmi nìyẹn," ni Rúlà wí. "Orúkọ ilé bàbá mi ni, kí n tó lọ́kọ. Akọ̀wé ìgbà náà fo ìlà kan, ó kọ orúkọ mi sí àyè ẹlòmíràn. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i. Ọ̀gá ìgbà yẹn fi ẹsẹ̀ rìn wá sílé wa láti wá sọ fún wa pé mi ò yege. Ó bá ìyá mi tó ń rán yunifọ́ọ̀mù mi lọ́wọ́, ìyá mi sì ti sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò. Bàbá yẹn jókòó, ó mu omi, ó ní, 'Mo wá kí yín ni.' Ó sì lọ."

"Kò sọ ọ́?"

"Ọjọ́ tí mo ń jáde ló tó sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni pupa yẹn fi tẹ̀ lé mi. Bí tíṣà bá ń pe orúkọ láti inú ìwé yìí, ojú rẹ̀ á dúró díẹ̀ bó bá dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi ò mọ ìdí rẹ̀, mo kàn mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ kàwé ju àwọn yòókù lọ." Ó pa ìwé náà dé. "Ẹ wò ó, a ò ní yọ orúkọ kankan kúrò ní géètì. Mẹ́ta la máa fi kún un. Èmi ni mo máa kọ̀wé sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Kí wọ́n bínú sí mi, mo ti tó ẹni tí wọ́n ń bínú sí."

Akọ̀wé di ẹ̀yìn àga mú. "Ọgọ́fà àga péré la ní, mà."

"Ẹ wá káfíńtà."

"Ọ̀kan wà lórí bẹ́ǹṣì níta, mà."

Rúlà tún fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Ó ku ohun kan. Bírò kan náà ni kí ẹ fi kọ gbogbo wọn. Kí ẹnikẹ́ni má mọ ẹni tó ṣèèṣì wọlé."

"Mo gbọ́, mà. Aago yẹn… ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n má kọ nǹkan kan sí i. Àsìkò lásán ti tó mi í wò."

Nígbà tí akọ̀wé jáde, bàbá káfíńtà ti dìde. "Ẹ má bínú, mà, a ti fi àkókò yín ṣòfò—"

"Bàbá, ẹ jókòó. Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Ọmọ yín yege."

Bàbá náà kò jókòó. Ó wo akọ̀wé, ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó wá fi fìlà bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ọmọ náà mí kanlẹ̀.

"Mo sọ fún yín, bàbá," ni ó wí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí akọ̀wé. "Ẹni tí ẹ kọ sí àga mi ńkọ́, mà? Ṣé ẹ máa lé e ni?"

"A ò ní lé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àga mẹ́ta la ṣì nílò." Akọ̀wé yí sí bàbá àgbà. "Ṣé ẹ lè ṣe é?"

Bàbá náà fi fìlà nu ojú. "Kí n ṣe é? Mà, bẹ́ǹṣì tí ẹ ní ká jókòó sí yìí gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti fẹ́ kú. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyẹn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, akọ̀wé lẹ orúkọ mẹ́ta kún ti géètì. Ó kọ ìwé pélébé méjìlá pé *Láti ẹnu ọ̀nà*, ó ní kí tíṣà tuntun bá òun gun òkè lọ lẹ̀ wọ́n sára ilẹ̀kùn gbogbo yàrá. Ara rẹ̀ fúyẹ́, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n. Lẹ́yìn náà, ó jókòó, ó ṣí rẹ́gísítà tuntun. Bírò pupa kan wà nínú ife tó wà lórí tábìlì. Ó mú un, ó fà dúrọ́ọ̀ àwọn ọlọ́lá, ó jù ú sáàárín àwọn lẹ́tà, ó sì tì í pa.

Ó mú bírò dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ mẹ́tàlélọ́gọ́fà. Nígbà tó dé orí ti ọmọbìnrin náà, ọwọ́ rẹ̀ kò yára, kò sì falẹ̀. Bó ṣe kọ ti àwọn yòókù ló kọ tirẹ̀, ó sì bọ́ sórí èyí tó kàn.