Ilé Tí A Tì Náà Ń Jẹ Owó

"Olè wọlé, kò fọ́ ilẹ̀kùn!"

Alhaja Sìdí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kẹta, ní Glyndon Estate ní London. Kọ́kọ́rọ́ mítà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń gbọn omi dànù. Kọ́kọ́rọ́ kékeré aláwọ̀ búlúù yẹn ni wọ́n fi ń ra iná. Èèyàn á mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á kó owó sí i, á wá fi í sẹ́nu mítà. Munirat, ọmọ rẹ̀, ti lọ kó owó sí i láàárọ̀ yẹn, owó tó yẹ kó tó wọn lò fún oṣù kan. Mítà gbé e mì. Nígbà tí ojú rẹ̀ máa fi mọ́lẹ̀ padà, ìdajì owó ti wọgbó.

"Gbogbo nǹkan ni mo yọ nínú iná kí n tó lọ Ìbàdàn! Fíríìjì, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Títí kan rédíò! Láti Ìtúnu Ààwẹ̀ títí di Iléyá, ìwọ wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ ní Thamesmead, ilé wà ní títì. Ta ló wá ń jẹ iná ilé tí kò séèyàn?"

Kò dúró gba èsì. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù mítà tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lára ilẹ̀kùn rẹ̀ nínú, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà kan gàdàgbà kó tó rìnrìn àjò. "Wò ó! Ohun tí mo kọ rèé. Ohun tó wà lójú mítà rèé. Ṣé wọ́n jọra?"

Wọn kò jọra, kò sí àní-àní. Alhaja wá yí ojú sí ilẹ̀kùn kejì. Fọlákẹ́mi ló ń gbé ibẹ̀, òṣìṣẹ́ kóòtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wọ̀n Belmarsh.

"Ṣé o gbọ́ ẹ̀rọ tó ń ké hùù-hùù nílé ẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́? Ẹ̀rọ tí ń gbẹ aṣọ ni. Kò ní in kí n tó lọ! Inú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà ni mítà àwa méjèèjì wà. Ìkòkò efinrin mi tí mo fi sẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Òun náà ti fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ."

"Mummy, iná ibí ò ṣeé fà bíi ti Ìbàdàn o."

"Ta ló sọ fún ẹ? Wáyà ni wáyà."

Munirat mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Nígbà tí wọ́n ń gbé Òkè-Àdó, ayálégbé ẹgbẹ́ wọn kan gba inú àjà òkè fa wáyà sára mítà Alhaja. Obìnrin náà a máa bá Alhaja jẹun nínú abọ́ kan, a sì máa bá a bú àwọn tó ń mú iná lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, ẹ má bi í léèrè ìdí tó fi ń sá fún ekòló.

"Ìrọ̀lẹ́ ló ń dé," ni Alhaja wí. "Tí mo bá ti kírun alásàárì tán, ibí yìí ni màá dúró dè é. Gbogbo àjà yìí ló máa gbọ́. Kẹ́nikẹ́ni má sì tan nǹkan kan nílé mi títí màá fi mú olè náà!"

Munirat wo ilẹ̀kùn kejì náà. Auntie Fọlákẹ́mi ló ń yá a ní ìwé ìtàn láti kékeré, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, tí kò béèrè ìgbà tó máa dá a padà. Ọjọ́ Kérésì, abọ́ a gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí kọjá wá. Ọjọ́ Iléyá, abọ́ a padà. Ẹyin lọ̀rọ̀. Bí "olè" bá bọ́ lẹ́nu Alhaja ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ta ló máa ṣa èèpo rẹ̀?

Ó lọ kó ẹrù rẹ̀ ní Thamesmead bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nurain ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wọ bàtà láti lọ síbi iṣẹ́ nígbà tó ròyìn fún un.

"Mummy àti wáyà!" Nurain bú sẹ́rìn-ín. "Fam, ẹ kàn switch company iná yín jàre. Lọ compare price lórí fóònù. Wọ́n ń jẹ yín ni."

Nínú bọ́ọ̀sì alájà méjì tó ń padà bọ̀, Munirat jókòó sí òkè, níwájú pátápátá, níbi tí èèyàn ti máa ń rò pé òun lòún ń wa gbogbo London. Ó tẹ àdírẹ́sì ilé wọn sínú fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́ pé mítà oníkọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń lò, àwọn tí ń sanwó kí wọ́n tó tan iná. Ni àwọn ilé iṣẹ́ iná bá tò sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ìsọ̀ ọjà, kálukú ń na ọjà rẹ̀ síta: wá ra tèmi, tèmi ló dín jù! Inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn láìmọ̀dí. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iná ṣeé ná. Ó ti rò pé bí òjò ni iná rí, pé bó bá ṣe wù ú ló ṣe ń rọ̀ lé èèyàn lórí.

Ṣùgbọ́n iye méjì ló wà níwájú ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ yé e, òun ni iye tí wọ́n ń ta ìwọ̀n iná kan, bí ẹni ń ta gààrí ní kóńgò. Kí wá ni ìkejì? Ó tẹ̀ ẹ́. Ó kà á, ó tún un kà. Owó tí wọ́n ń gbà lójoojúmọ́ ni. Ìbáà ṣe pé onílé tan iná, ìbáà ṣe pé kò tàn án. Ìbáà ṣe pé owó ti tán nínú mítà. Á máa gun ara rẹ̀ jọ ni, títí di ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ máa tún wọlé.

Munirat jókòó dáadáa. Ó ka ọjọ́ láti Ìtúnu dé Iléyá, ó fi owó ojoojúmọ́ náà sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye tí mítà gbé mì gẹ́lẹ́.

"Yéè!"

Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yọ nǹkan tó kì bọ etí. Munirat bẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń lé lójú rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì dúró ní ìdojúkọ kóòtù. Ta ló gun òkè wá bí kò ṣe Auntie Fọlákẹ́mi fúnra rẹ̀, tó wọ ẹ̀wù òtútù dúdú, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ!

"Munirat mi! Mo rí bàtà Mummy lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Mi ò fẹ́ kanlẹ̀kùn, kí wọ́n lè sinmi. Kí ló dé tójú ẹ ń dán báyìí? Ṣé ọkọ ti dé ni?"

"Auntie, kì í ṣe ọkọ o. Iná ni."

"Iná wo?"

Munirat fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀, ó sì gbé e mì. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ lójú fèrèsé. Alhaja ti máa kírun tán báyìí. Bí bọ́ọ̀sì ṣe dúró nítòsí ilé, ó fò dìde. "Auntie, ẹ máa bọ̀ o, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí!" Ẹ̀rín Auntie Fọlákẹ́mi sì bá a dé ìsàlẹ̀.

Alhaja wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti wé híjáàbù funfun, ó dúró kàkà bí ẹni tí wọ́n gbìn síbẹ̀. Munirat ò kí i. Ó kọjá lára rẹ̀, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Mummy, owó ló wà lójú mítà yìí. Kì í ṣe nọ́ńbà iná. Ẹ wò ó."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Owó lọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà gígùn kan yọ.

"Ẹ bá mi ka èyí tẹ́ ẹ kọ."

Alhaja sún mọ́ ọn. Ó fi ìka tọ ṣọ́ọ̀kì náà, ó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bó ti ń kà á. Kò sí ọ̀kan tó yàtọ̀. Ìwọ̀n iná kan ṣoṣo kò jáde láti ọjọ́ tó ti lọ.

"Kí ló wá jẹ owó mi?"

"Standing charge ni wọ́n ń pè é, Mummy, owó ojoojúmọ́. Ẹ rántí ṣọ́ọ̀bù yín ní Ògùnpa, nígbà tẹ́ ẹ tì í torí pé ẹ bí mi? Ṣé onílé fojú fo owó oṣù yẹn?"

"Fojú fo kẹ̀? Ó gbà á pé." Alhaja gbé ìka kúrò lára ṣọ́ọ̀kì náà. Ó wo mítà, ó wo ilẹ̀kùn kejì. "Owó ìsọ̀," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ̀n-ẹ́n."

"Iná ṣeé ná, Mummy, mo rí i lórí fóònù."

Ẹsẹ̀ ń dún lórí àtẹ̀gùn.

"Mummy wa! Ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú àbọ̀ ilé!" Auntie Fọlákẹ́mi kúnlẹ̀ wuuru. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná, ẹ má tíì wọlé."

Ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó wọlé. Ìgbà tó jáde, ìkòkò efinrin ló fi ọwọ́ méjèèjì gbé, ewé rẹ̀ ṣù bí irun ọmọ tuntun, òórùn rẹ̀ sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan.

"Òtútù ì bá ti pa á níta. Ni mo ṣe gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ aṣọ, torí ibẹ̀ ló móoru jù nílé mi. Ẹ má bínú pé mi ò gbàṣẹ."

"Fọlákẹ́mi," ni Alhaja wí. Ó tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, kò sì sí ohun tó ṣe é. "Kọ́kọ́rọ́ mítà tìẹ dà? Munirat ní iná ṣeé ná bí ẹni ń ná ẹja. Ó ní ìsọ̀ kan wà tí kì í gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ ilé tí kì í tan iná púpọ̀. Jẹ́ kó bá ẹ wo tìẹ náà."

Munirat ò tíì sọ ti ìsọ̀ yẹn rárá. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni, ó ti rí i nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ̀rín pa á.

"Iná ṣeé ná kẹ̀?" Auntie Fọlákẹ́mi ti ń tú báàgì rẹ̀, ó ń wá kọ́kọ́rọ́.

Munirat gba ìkòkò náà, ó gbé e sójú fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Ó ki ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Ó tutù. Omi àárọ̀ yìí ni.

Nígbà tó yíjú padà, Alhaja ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ń fi etí híjáàbù funfun rẹ̀ nu ṣọ́ọ̀kì náà kúrò lára ilẹ̀kùn.